Ọdún, Olólùfẹ́ àti Ojú Òpó: Ìlò Ọ̀rọ̀ Ayélujára fún Ayẹyẹ Orin

Bí ìlú kan bá ń ṣọdún lóde òní, ojú méjì ló ń wò ó: ojú àwọn tó dúró ní gbàgede, àti ojú àwọn tó di fóònù mú níbi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Ọ̀tan Ayégbajú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Ìlá Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó tàbí ní London ń fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọdún bọ́ sí, ó ń fẹ́ rí bí ìlù ṣe ń dún, ó sì ń fẹ́ fi han àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe áàpù àti ìkànnì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọn yóò kọ sórí bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ atúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àìní ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro atúmọ̀ náà. Kí ayélujára tó dé ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún wíwòran, fún títẹ̀lé olórin, fún kíkéde àti fún jíjó nínú agbo. Ohun tó ń fa àṣìlò ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ti ní ààyè tirẹ̀, ó sì ń sọ ẹni tó ni nǹkan àti ẹni tó lè rí i. Àlàyé yìí mú àwọn tí a máa ń ṣì lò jù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún, ayẹyẹ, àríyá

Ọdún ń jẹ́ oṣù méjìlá, ó sì tún ń jẹ́ ohun tí ìlú tàbí ẹlẹ́sìn ń ṣe nígbà tí àkókò rẹ̀ bá yí po. Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, tó máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, tí àjọ UNESCO sì kọ igbó rẹ̀ mọ́ ara ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ ọdún ní ìtumọ̀ kejì yìí. Ìlú ló ni ín; ó ní ètùtù, ó ní èèwọ̀, ó sì ní àwọn tí ipò wọn nínú rẹ̀ jẹ́ àjogúnbá. Felabration yàtọ̀ sí i. Yeni Anikulapo-Kuti ló dá a sílẹ̀ ní 1998 láti máa fi rántí Fela, bàbá rẹ̀, oṣù kẹwàá tí wọ́n bí Fela ni wọ́n sì máa ń ṣe é ní New Afrika Shrine ní Ìkẹjà. Ayẹyẹ orin ni èyí: ó ní agbátẹrù, ó ní onígbọ̀wọ́, ó sì ní ètò tí a lè yí padà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. A lè pè é ní àjọ̀dún pẹ̀lú, nítorí pé ọdọọdún ló ń wáyé. Àríyá ni ti ẹni tó ń kó ilé, tó ń gbéyàwó tàbí tó ń sìnkú òbí rẹ̀. Orin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí orin la ṣe pe àpèjọ.

Àkíyèsí ìlò: kí atúmọ̀ ṣọ́ra fún gbólóhùn tí ọdún bá dá dúró nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Wo ọdún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá kà á lórí bọ́tìnnì yóò rò pé ti ọdún tó tẹ̀ lé èyí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ayẹyẹ tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Orúkọ ọdún náà ló ń yanjú ọ̀rọ̀: "Ọdún egúngún tó ń bọ̀", tàbí "Àwọn ayẹyẹ tó ń bọ̀". Bákan náà, "Ra tíkẹ́ẹ̀tì" bá ayẹyẹ orin mu, ṣùgbọ́n kò bá ọdún tí gbogbo ìlú ń jọ ṣe ní gbàgede mu. Níbi tí kò ti sí owó ìwọlé, "Mo ń bọ̀" ni kí a kọ.

Ìkànnì àti ojú òpó

Ìkànnì ni ilé tí a fúnra wa kọ́ sórí ayélujára; ojú òpó ni ààyè tí a gbà nínú ilé ẹlòmíràn, bíi ti Facebook, Instagram tàbí X tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń pààrọ̀ méjèèjì, ìyẹn kì í sì í da ọ̀rọ̀ rú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ẹni tó ní ìkànnì ṣì lè kéde ayẹyẹ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ojú òpó Twitter lọ kò rí ọ̀nà gbà bí kò ṣe pé kó wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Àpẹẹrẹ: Wọ́n kéde ọjọ́ ayẹyẹ náà lórí ìkànnì wọn, wọ́n sì tún un sọ lójú òpó Instagram wọn.

Òǹwòran, olólùfẹ́, ọmọlẹ́yìn, olùsìn

Olólùfẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ràn olórin, ó sì dára bẹ́ẹ̀: àwọn olólùfẹ́ Davido, àwọn olólùfẹ́ orin fújì. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì fún ara wọn lórúkọ, bíi Wizkid FC tàbí 30BG, orúkọ náà kì í ṣe ohun tí a ń túmọ̀.

Tẹ̀lé jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ bọ́tìnnì mu. Ọmọlẹ́yìn, tí àwọn kan ń fà yọ láti inú rẹ̀, wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Bíbélì, ọmọlẹ́yìn ni ẹni tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí olùkọ́ rẹ̀. Nínú òṣèlú, òun ni ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ́. Ẹni tó tẹ "Tẹ̀lé" láàárọ̀ lè yọwọ́ nírọ̀lẹ́ láìsí ẹni tí yóò bi í. Nítorí náà, "àwọn tó ń tẹ̀lé e" sàn ju "àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀" lọ.

Níbi ọdún, ó tún kù. Nínú èrò tó kún igbó Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, òǹwòran wà, arìnrìn-àjò wà, ọlọ́ṣun tó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ tàbí tó wá san ẹ̀jẹ́ náà wà. Bí áàpù bá pe gbogbo wọn ní olólùfẹ́, ó ti sọ olùsìn di ẹni tó wá gbádùn eré. Ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo wọn láìyẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni "àwọn tó wá sọ́dún".

Àpẹẹrẹ: Ìkéde fún àwọn tó wá sọ́dún: ojú ọ̀nà ọjà yóò wà ní títì di ìrọ̀lẹ́.

Pín, fi ránṣẹ́, gbé sójú òpó, tàn kálẹ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, share, ni a máa ń fi pín túmọ̀. Ohun tó ń dín kù bó ṣe ń dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni pín ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: a ń pín ẹran, a ń pín ogún, a ń pín owó. Fídíò kì í dín kù. Ìlò tuntun yìí ti wọlé, a kò sì lè pè é ní àṣìṣe mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ẹni tí yóò rí ohun tí a pín. Èdè ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ń sọ ọ́.

Fi ránṣẹ́ ní ẹnì kan pàtó lókàn.
Àpẹẹrẹ: Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tan.

Gbé sójú òpó jẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá níbẹ̀.
Àpẹẹrẹ: Ó gbé fídíò náà sójú òpó Facebook rẹ̀.

Tàn kálẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ohun náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e jáde.
Àpẹẹrẹ: Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti tàn kálẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ọdún ní apá tí gbogbo ayé ń wò àti apá tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ní Òṣogbo, èrò rẹpẹtẹ ló ń wo Arugbá bó ṣe ń ru igbá lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ló bo igbá náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, obìnrin kì í wo orò. Fídíò tí a ká níbi irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí a sì gbé sójú òpó, ti ṣí ohun tí ìlú bò. Bí bọ́tìnnì bá kàn sọ pé "Pín", ẹni tó fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan lè gbé e síwájú gbogbo ayé láìmọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ iye etí tó wà níbẹ̀. "Fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan" àti "Gbé e sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i" gùn ju "Pín" lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Láàyè, tààrà, lọ́wọ́

Láàyè ni òdìkejì òkú. Nítorí náà, "orin láàyè" fún orin tí a ń kọ lójú àwọn ènìyàn kò yé ọmọ Yorùbá, àfi bó bá kọ́kọ́ tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn rẹ̀. Orin tí a kọ níwájú èrò, ojú agbo ni a ti kọ ọ́. Èyí tí a ń wò lórí fóònù ní àkókò kan náà, tààrà ni a ń wò ó, tàbí kí a sọ pé a ń wò ó bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Coachella, ayẹyẹ orin ńlá ti California, ti ń gbé eré rẹ̀ jáde tààrà lórí YouTube láti 2011.

Tààrà ń sọ ti ọ̀nà: ohun náà kò yà síbì kankan kó tó dé ọ̀dọ̀ òǹwòran. Lọ́wọ́ ń sọ ti àkókò: ohun náà kò tíì parí. Lórí bọ́tìnnì, "Ń lọ lọ́wọ́" ló yé ènìyàn kíákíá. Nígbà tí eré bá parí, kí a pa á rẹ́, kí a kọ "Wo àkásílẹ̀" dípò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àti agbo

Ẹgbẹ́ ní ọmọ ẹgbẹ́, ó ní alága, ó sì ní ẹnu ọ̀nà. Ó bá WhatsApp mu, níbi tí alámòójútó ti ń gba ènìyàn wọlé, tó sì lè yọ ọ́. Agbo kò ní ilẹ̀kùn: bí ìlù bá ti ń dún, ẹni tó bá dé ti wọ̀ ọ́. Ibi tí àwọn òǹwòran ti ń kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké sábẹ́ eré tó ń lọ lọ́wọ́, agbo ni.

Àpẹẹrẹ: Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Ọ̀tan tó wà ní Èkó.
Àpẹẹrẹ: Agbo ti kún lábẹ́ fídíò náà kí olórin tó dé.

Àmì # àti orúkọ ìlú

Ní 2007 ni Chris Messina dábàá pé kí àwọn tó ń lo Twitter máa fi # ṣáájú ọ̀rọ̀, kí gbogbo ohun tí wọ́n kọ lórí kókó kan lè wà pọ̀. Hashtag ni ọ̀pọ̀ ń pè é nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Wàhálà rẹ̀ kò sí nínú orúkọ yìí. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí a bá bọ́ àmì kúrò lára Ìlá, ohun tó kù ni ila. Orúkọ ìlú lè jẹ́ ila, ilá tí a ń sè lọ́bẹ̀ lè jẹ́ ila, ilà tí a ń kọ sójú àti ìlà tí a ń fà sórí ìwé náà lè jẹ́ ila. Ẹni tó bá wá #Ila nítorí ọdún lè bá ọbẹ̀ pàdé.

Òdìkejì ìṣòro yìí wà lọ́wọ́ onílù láti ìgbà pípẹ́. Dùndún ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Lójú ìlù, Ìlá, ìlú àti ìṣẹ́ kò yàtọ̀ síra: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Onílù kì í torí ìyẹn lu orúkọ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Ó ń fi oríkì àti àfikún gùn ún títí yóò fi dá ẹni tí ó ń kì mọ̀ yàtọ̀. Ọgbọ́n kan náà ló yẹ fún ẹni tó ń lo #. #Ila kò tó; #IlaOrangun tó. #Otan kò tó, nítorí pé Ọ̀tan Ilé náà wà ní Ọ̀ṣun, #OtanAyegbaju tó. Lẹ́tà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ran ojú lọ́wọ́, ó sì ń ran ẹ̀rọ tó ń ka ìwé fún afọ́jú lọ́wọ́.

Ṣé kí a wá pa àmì ohùn tì ni? Rárá. Ọ̀ràn ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó yẹ kí atúmọ̀ mọ̀. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní: a ní láti kọ ọ, kí a sì fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó fi ti òkè. Ojú rí ọ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà rí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àyàfi bí olùṣètò rẹ̀ bá kọ́ ọ láti sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ olùṣètò ni láti jẹ́ kí "Otan" àti "Ọ̀tan" gbé ènìyàn dé ibì kan náà.

Ìlànà tó yẹ atúmọ̀ ni pé kí ó fi orúkọ kíkún tí kò ní àmì sẹ́yìn #, kí ó sì kọ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ: Ọdún ti dé ní Ọ̀tan Ayégbajú. #OtanAyegbaju

Báyìí ni ọmọ Ọ̀tan tí kò ní àmì ohùn lórí fóònù rẹ̀ yóò ṣe rí ọdún ìlú rẹ̀, tí ẹni tó ń kọ́ èdè yóò sì mọ bí a ṣe ń pe orúkọ ìlú náà.