Kí ẹ tó ra máìkì olówó ńlá fún sítúdíò yín, ẹ wo inú èyí tó wà lọ́wọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀ pé máìkì wà lára ohun tó ń náni lówó jù. U 87 Ai tí ilé iṣẹ́ Neumann ti Jámánì ń tà lé ní 3,000 dọ́là. Nǹkan bí 100 dọ́là ni wọ́n ń ta irú MXL 990, tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Kò yani lẹ́nu pé èyí tí kò wọ́n ni oníṣòwò kékeré ń rà. Ṣùgbọ́n bí akọrin tàbí ẹni tó ń ka ìpolówó ọjà bá ti dé orí ọ̀rọ̀ tó ní ‘s’ tàbí ‘ṣ’, ohùn náà á máa gún etí. Oníbàárà tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè má padà wá mọ́.

Ibi tí ìṣòro ti ń wá

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó wà nínú máìkì bẹ́ẹ̀ ni kò dára. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: kápúsù, ìyẹn ojú tó ń gba ohùn, àti pánẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohùn náà sínú wáyà. Kápúsù K67 ti Neumann ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe máìkì olówó pọ́ọ́kú wò ṣe tiwọn. Kápúsù yìí máa ń gbé ohùn tínrín sókè, irú èyí tó wà nínú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Neumann mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí pánẹ́ẹ̀lì inú U 87, tó jáde lọ́dún 1967, fi ń rẹ ohùn náà sílẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó ṣe mú kápúsù, wọn kò mú pánẹ́ẹ̀lì irú rẹ̀. Ata rodo nìkan ni wọ́n lọ̀, wọn kò fi tàtàṣé là á.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi kapásítọ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì náà kí ó lè máa rẹ ohùn tínrín sílẹ̀. Kapásítọ̀ kò wọ́n rárá. Èkejì ni kí wọ́n yọ kápúsù, kí wọ́n fi irú K47 rọ́pò rẹ̀, nítorí pé òun kì í gbé ohùn tínrín sókè tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló sábà máa ń mú ìyàtọ̀ wá jù, ṣùgbọ́n kápúsù tó dáa lè wọ́n ju máìkì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n yọ àwọ̀n onírin ti inú tó bo kápúsù, kí wọ́n fi ti ìta sílẹ̀.

Àwọn kan ti sọ iṣẹ́ yìí di òwò. Ní Amẹ́ríkà, Michael Joly dá OktavaMod sílẹ̀, ó fi tún máìkì Oktava ti Rọ́ṣíà àti àwọn ti Ṣáínà ṣe fún àwọn onísítúdíò.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó tú u

Ẹni tó mọ rédíò tún ṣe dáadáa lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí ó kọ́kọ́ pa iná 48 fóòtì tó ń lọ sínú máìkì, kí ó sì yọ wáyà. Kò gbọdọ̀ fi ìka kan ojú kápúsù, torí pé ó fẹ́lẹ́ gan-an. Òógùn ọwọ́ tàbí ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀dì tó bá kù sí ìdí wáyà kápúsù lè sọ máìkì di aláriwo. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ẹ bá ti tú máìkì, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é má gbà á padà mọ́.

Bí ẹ bá ní máìkì méjì tó jẹ́ irú kan náà, ẹ tún ọ̀kan ṣe, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ gba ohùn ẹnì kan náà sínú méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ láì sọ èwo ni èwo fún un. Bí kò bá rí ìyàtọ̀, ẹ má náwó sí i mọ́.

Bákan náà, àtúnṣe máìkì kò lè yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ohùn tó ń gbá ògiri padà kúrò. Bí yàrá yín kò bá tíì dára, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Bí owó máìkì, ẹ̀yà ara tuntun àti owó iṣẹ́ bá sì ti fẹ́ẹ̀ tó iye tí wọ́n ń ta máìkì tó dára ju tiyín lọ, ẹ kúkú ra ìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta máìkì tí ẹ tún ṣe, ẹni tó fẹ́ rà á lè má ka owó àtúnṣe yín sí rárá.