Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù tú ìkarahun Ìjàpá yín o!

Bí ẹ bá rí Volkswagen Ìjàpá kan lójú títì lónìí, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé wọ́n fi ìdí tì í, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ín. Kì í ṣe owó nìkan lonítọ̀hún ná. Ó ní sùúrù, ó sì bá oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe pàdé. Àwọn Ìjàpá kan wà tó jókòó sẹ́yìnkùlé báyìí, tí koríko ti bò wọ́n, tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló pa wọ́n. Ọwọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ tún ara wọn ṣe ni wọ́n kú sí.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ará Jámánì ló ni mọ́tò yìí, Ferdinand Porsche àtàwọn èèyàn rẹ̀ ló yà á kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó níbí. Ọ̀pọ̀ tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló fi owó ẹ̀yáwó ra Ìjàpá láyé ìgbà náà, òun sì ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó wọ agbo ilé wọn. Ṣùgbọ́n ní July 2003, ní ìlú Puebla lórílẹ̀-èdè Mexico, wọ́n to èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ìyẹn ni pé èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín, bí wọ́n bá bà á jẹ́, kò sí tuntun kankan tó ń bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: Ìjàpá rọrùn láti tú ju ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé òde òní lọ. Fẹ́ńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò jó wọn mọ́ ara mọ́tò rárá, bóòtì ni wọ́n fi dè wọ́n. Bóòtì bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló wà lára fẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, sípánà 13 ló sì ń tú wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, bóòtì ni. Ìdérí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, bóòtì ni. Ilẹ̀kùn, súkúrúù ńláńlá ló gbé e ró. Kódà, odindi ara mọ́tò náà, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi bóòtì dè é mọ́. Òrùlé àtàwọn ẹ̀gbẹ́ tó so mọ́ ọn ni iná wẹ́lídà dì pọ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan fi ń fi òòlù àti iná tú ohun tó yẹ kí sípánà tú? Ìkánjú ni. Bóòtì tó ti gba òjò ọgbọ̀n ọdún á ti dógùn-ún, kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Oníṣẹ́ á bá gé e. Nígbà tó bá fẹ́ dá a padà, kò ní rí ojú bóòtì mọ́, á wá jó fẹ́ńdà mọ́ ara mọ́tò pátápátá, á fi fílà dí i, á kun ún. Á ní, "Dádì, ó ti parí, ẹ wò ó bó ṣe ń dán." Dádì á sanwó, inú wọn á dùn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá tún gbá fẹ́ńdà yẹn ni wọ́n á mọ̀ pé kò ṣeé tú mọ́, àfi kí wọ́n gé ara mọ́tò mọ́ ọn.

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é? Àkọ́kọ́, kí wọ́n yọ orí bátìrì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà nínú Ìjàpá, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí kò mọ mọ́tò yìí kì í rántí rẹ̀. Èkejì, tánkì epo, iwájú ló wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tan iná wẹ́lídà níwájú Ìjàpá láìyọ tánkì kúrò ńbẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n bu WD-40 tàbí epo tó jọ ọ́ sórí bóòtì kọ̀ọ̀kan lálẹ́, kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bọ́ńpà ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Rẹ́wáyà á tú wáyà iná iwájú, ti tíráfíkétọ̀ àti ti iná ẹ̀yìn, á sì rántí pé abẹ́ fẹ́ńdà òsì níwájú ni họ́ọ̀nù wà. Bóòtì tó so fẹ́ńdà mọ́ pátákó ìgbẹ́sẹ̀lé tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn náà ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Nígbà náà ni wọ́n á wá dojú kọ àwọn tó kù: kí wọ́n yí i sẹ́yìn díẹ̀, síwájú díẹ̀, títí á fi dẹ̀. Bí ọ̀kan bá kán sínú, kí wọ́n fi dírílì lu àárín rẹ̀, kí wọ́n fi táàpù la ojú tuntun fún un. Iṣẹ́ wákàtí kan nìyẹn lè jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń gba fẹ́ńdà là.

Ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù rèé. Lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì, irin gbọọrọ kan wà tó ní ihò nínú. Òun ni atẹ́gùn gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì ń gbà wọ inú mọ́tò, òun náà ló sì gbé ara mọ́tò ró. Inú lọ́hùn-ún ló ti máa ń jẹrà, lóde ẹ ò ní rí nǹkan kan. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń wọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dá súkúrúù ilẹ̀kùn lẹ́bi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa gé e, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin ti ojú ilẹ̀kùn láti apá kan sí èkejì. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara mọ́tò á tẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní í pa dé dáadáa mọ́ láyé.

Dídá a padà gan-an ló ń fi oníṣẹ́ hàn. Ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò kí àlàfo wọn dọ́gba. Láàárín fẹ́ńdà àti ara mọ́tò, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí irin ha irin, tí kì í sì jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀. Kí wọ́n fi gírísì pa ẹsẹ̀ bóòtì, kí wọ́n fi ọwọ́ mú gbogbo wọn wọlé láìfún wọn, kí wọ́n ti rọ́bà náà bọ ibẹ̀, kó lọ geere. Ìgbà náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un láti òkè àárín lọ sí ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá fún bóòtì kan pa kó tó fi èkejì sí i, fẹ́ńdà rẹ̀ á wọ́.

Ẹ̀yin onímọ́tò náà níṣẹ́ o. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bóòtì apá kọ̀ọ̀kan, kó wọ ọ̀rá tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí i lára. Bí ẹ bá fẹ́ ra fẹ́ńdà míì, ẹ gbé ti àtijọ́ dání, nítorí Ìjàpá tí gíláàsì iná iwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àti èyí tó dúró ṣánṣán, fẹ́ńdà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má sì san gbogbo owó kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Ẹ lọ wo irin náà lásán, nígbà tí kò tíì sí fílà tó máa bo àṣírí.

Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí oníṣẹ́ yín bá ní ọjọ́ kan péré lòun fi máa tú fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti dógùn-ún, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi tú u. Bó bá nawọ́ sí òòlù, ẹ wá ẹlòmíràn.