Bí Facebook Bá Kọ̀ Láti Yí Orúkọ Yín Padà: Ìwé Ìlàlóye fún Aráàlú

Ìwé yìí wà fún ẹni tó tẹ orúkọ tuntun sórí Facebook, tí fóònù sì dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Irú wọn pọ̀ tó ń wá sí tábìlì ìlàlóye ìjọba ìbílẹ̀: ìyàwó tuntun tó fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé tó fẹ́ kí "Alhaji" ṣáájú orúkọ òun, oníṣòwò tó fẹ́ kí ọjà òun hàn, àti ọ̀dọ́ tó fi ìnagijẹ ṣí àkáǹtì nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó wá ń wáṣẹ́ báyìí. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kò pọ̀ rárá, Facebook kì í sì í gbowó lórí èyíkéyìí níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbé káàdì ìdánimọ̀ yín jáde, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín síbẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Òfin Facebook ni pé orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pè yín lójoojúmọ́ ni kí ẹ lò, kí ó sì jẹ́ èyí tó wà lórí ìwé. Orúkọ tí kò bá ìwé kankan mu lè wọlé lónìí, kí ó wá di wàhálà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá.

Ibi tí wọ́n ti ń yí i

Ẹ ṣí Facebook, ẹ wọ inú Settings & privacy, ẹ tẹ Settings. Ẹ máa rí Accounts Center níbẹ̀. Ẹ tẹ Profiles, ẹ mú àkáǹtì yín, ẹ wá tẹ Name. Ààyè mẹ́ta ló máa yọ: fún orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín àti orúkọ ìdílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo ti àárín lè fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Review change, ẹ ó yan bí orúkọ náà ṣe máa tò, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó parí.

Ìdí ọ̀rọ̀ aṣínà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí. Wọ́n ti wọlé sí Facebook láti ọdún gbọ́nhan, wọn ò jáde rí, fóònù ló ń bá wọn rántí ohun gbogbo. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yí orúkọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jáde o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù tó wà nínú àkáǹtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni kóòdù máa wá nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Bí síìmù tí ẹ fi ṣí i bá ti sọnù, ẹ fi nọ́ńbà tuntun tàbí ímeèlì yín sí i nígbà tí ẹ ṣì wà nínú àkáǹtì náà. Ẹni tó bá ti jáde tán, tí síìmù rẹ̀ sì ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti orúkọ nìyẹn.

Ọgọ́ta ọjọ́

Bí ẹ bá ti yí orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó di 60 ọjọ́ kí Facebook tó tún gbà kí ẹ yí i. Ó kan ẹni tó ṣàṣìkọ lẹ́tà kan tàbí méjì péré náà. Ẹni tó fẹ́ kọ "Adébọ́lá" tó lọ kọ "Adélóbá" máa jẹ́ Adélóbá fún oṣù méjì gbáko. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ka orúkọ náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, pàápàá bó bá jẹ́ fóònù ló ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀. Àwọn fóònù kan ò mọ orúkọ Yorùbá rárá. Wọ́n á ti sọ "Tunde" di "Tuned" kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Títẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ò sọ 60 ọjọ́ di 40. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yí i sílẹ̀, kí ẹ ka ọjọ́ láti ibẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n ń kọ́ ara wọn, pé kí èèyàn yí èdè Facebook rẹ̀ sí ti Indonesia, kó lè jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo láìsí ti ìdílé. Ibi tí ọgbọ́n náà ti wá yéni: ọ̀pọ̀ èèyàn ní orílẹ̀-èdè yẹn ló ń jẹ́ orúkọ kan péré. Sukarno, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ bàbá lórí káàdì ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ìwé ti orúkọ kan yẹn lẹ́yìn, kò ní sí ìwé náà. A ò gbà yín níyànjú láti ṣe é.

Ohun tí ẹ̀rọ kì í gbà nínú orúkọ

Oyè ló ń fa ìjákulẹ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Facebook ò gba oyè kankan mọ́ orúkọ, ì báà jẹ́ ti ẹ̀sìn, ti ìlú tàbí ti iṣẹ́. Alhaji, Alhaja, Pásítọ̀, Wòlíì, Olóyè, Ọ̀túnba, Dókítà, Ẹnjiníà, gbogbo wọn ni. A mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tó náwó nára kó tó gba oyè kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun lásán, àwọn àgbàlagbà mìíràn sì gbà pé ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n ààyè orúkọ kọ́ ni wọ́n fi sí fún un. Ẹ lè kọ oyè yín sí abẹ́ orúkọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ díẹ̀ nípa ara ẹni, tí gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú-ìwé yín máa rí i. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n sọ ní Prince nígbà ìsọmọlórúkọ, tí káàdì rẹ̀ sì gbé e bẹ́ẹ̀. Orúkọ gidi nìyẹn, ìwé á sì gbè é.

Nọ́ńbà ò gbọdọ̀ sí nínú orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán kékeré bí ọkàn tàbí ìràwọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n tò léra bíi "Tolaaaa" ò wọlé, lẹ́tà ńlá tí wọ́n fọ́n káàkiri àárín orúkọ ò wọlé, èébú ò wọlé. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe orúkọ, bíi "Owó Ń Bọ̀" tàbí "Ọmọ Ìyá Aláṣọ," kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè mọ ẹni tó ń lo irú rẹ̀ tí wọn ò tíì mú. Orúkọ wa mìíràn náà wà tó jọ ọ̀rọ̀ àbùkù lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí "Bimbo" bá fẹ́ dá yín dúró, ẹ kọ Abimbola ní kíkún.

Ẹ kíyè sí lẹ́tà oníṣọ̀nà, irú èyí tó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n ń dà kọ látinú áàpù, tó rẹwà lójú. Kì í ṣe a, b, d tiwa ni ẹ̀rọ rí níbẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Unicode tí fóònù gbogbo fi ń kọ̀wé, àmì ìṣirò ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wọlé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wọlé níbòmíràn, afọ́jú tí fóònù ń bá kàwé sókè lè má gbọ́ orúkọ yín rárá.

Ti àmì ohùn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi àmì kọ orúkọ wọn sórí Facebook tí kò sì sí wàhálà. Ibi tí ìṣòro ti lè wá ni ọ̀nà tí ẹ gbà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ kò ní. Lẹ́tà kan, pẹ̀lú àmì kan tó gùn ún lórí, ni ẹ̀rọ ń kà wọ́n sí. Ẹni tí kò ní kíbọọ̀dù Yorùbá á wá máa fi àmì mìíràn dí i, bóyá kọ́mà tàbí àmì ìdánudúró lẹ́bàá lẹ́tà, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Gboard, kíbọọ̀dù Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ní ti Yorùbá nínú. Ẹ mú un jáde nínú ètò rẹ̀. Bí Facebook bá ṣì kọ̀, ẹ yọ àmì orí kúrò kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá lọ, ẹ kọ ọ́ láìní àmì, bó ṣe wà lórí páásípọ̀tù. Kò dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba pàápàá kì í sábà gbé àmì.

Orúkọ tiwa mìíràn sì jẹ́ odindi gbólóhùn: Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́, Málọmọ́. Bí wọ́n bá ní irú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ, ẹ má yí i padà nítorí wọn. Ẹ̀yin kọ́ ni irú rẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí: ní ọdún 2014, Facebook ti àkáǹtì àwọn òṣèré ọkùnrin kan tó ń múra bí obìnrin ní San Francisco pa nítorí orúkọ orí ìtàgé wọn. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni Chris Cox, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà náà ti ké gbàjarè pé wọ́n ń pe orúkọ ìbílẹ̀ àwọn ní ayédèrú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, iléeṣẹ́ náà kéde ìlànà tuntun: ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ orúkọ ẹlòmíràn sùn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà á sì ní ààyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ lo ààyè náà, kí ẹ sì fi ìwé tì í lẹ́yìn.

Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀rí

Páásípọ̀tù, ìwé ìwakọ̀, káàdì ìdìbò, ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wà lára ohun tí Facebook ń gbà. Ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn nínú fọ́tò, kí iná fóònù má tàn lé orúkọ lórí. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ rí, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tàbí àwòrán tó bá ti àkáǹtì mu. Ẹ fi bébà bo nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN) yín mọ́lẹ̀, gbogbo 11 náà, àti àdírẹ́sì ilé. Wọn ò nílò ìyẹn.

Fún ìyàwó tuntun, bó bá jẹ́ tiwa, NIN la máa kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà báńkì, kí Facebook tó kàn. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan tí kò ní ìwé ẹ̀rí lè lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kó sì kéde ìyípadà náà nínú ìwé ìròyìn. Ní báyìí ná, ààyè kan wà lójú-ìwé yín tí wọ́n pè ní Other names. Ẹ lè kọ orúkọ ọmidan yín tàbí ìnagijẹ síbẹ̀, kí ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ sí ilé ìwé lè wá yín rí.

Oníṣòwò ní tirẹ̀, kó ṣí Page. Ibẹ̀ ni orúkọ ọjà ń gbé, àkáǹtì ara ẹni kọ́.

"Mo ti yí i, wọn ò rí i"

Lórí WhatsApp ni ẹjọ́ yìí pọ̀ sí. Ẹ lè yí orúkọ yín níbẹ̀ nígbàkígbà, kò ṣáà gbọdọ̀ ju lẹ́tà 25 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀, orúkọ tóun fi pamọ́ lá máa rí. Bó bá kọ "Ìyá Gáàrì" síbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Ìyá Gáàrì lẹ ṣì ń jẹ́ lójú fóònù rẹ̀. Òun nìkan ló lè tún un kọ.

Òfin àwọn yòókù yàtọ̀. Instagram gbà kí ẹ yí orúkọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín 14 ọjọ́. TikTok ní 7 ọjọ́ fún orúkọ ìnagijẹ, 30 ọjọ́ fún orúkọ tí wọ́n fi ń wá yín. Lórí X, orúkọ tí wọ́n fi ń wá yín ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ. Ẹni tó bá so Instagram àti Facebook pọ̀ ní Accounts Center, kó wò ó bóyá ó ti gbà kí orúkọ wọn máa tẹ̀ lé ara wọn.

Àwọn tó ní àwọn á bá yín ṣe é

Facebook kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìyípadà orúkọ. Ẹni tó bá ní òun mọ òṣìṣẹ́ wọn, tó ní kí ẹ san owó tàbí kí ẹ ka kóòdù tó wá sórí fóònù yín fún òun, àkáǹtì yín ló fẹ́ gbà. Ẹ má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí.

Bí orúkọ yín bá sì yí láìṣe pé ẹ̀yin lẹ yí i, ẹlòmíràn ti wọ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sí facebook.com/hacked lójú ẹsẹ̀, láti orí fóònù tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ lé gbogbo fóònù tí ẹ ò mọ̀ jáde, kí ẹ sì pe àwọn ará ilé àti oníbàárà yín kí wọ́n má fowó ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fi orúkọ yín yá owó.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kó mú fóònù tó ní dátà lórí, síìmù tó fi ṣí àkáǹtì, ìwé ìdánimọ̀ kan, àti ọjọ́ tó yí orúkọ gbẹ̀yìn bó bá rántí. Ọ̀fẹ́ ni.