Ìbòjú FESTAC: Ọgbọ́n Ọwọ́ Ni Ààbò Àṣà

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni a ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, FESTAC, ní Èkó. Gbọ̀ngàn Ìṣeré tó wà ní Ìgànmú, tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí, ni ojúkò rẹ̀.

Ìbòjú eyín erin kan, àwòrán Idia, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, ni àmì àjọ̀dún náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú inú igbó yìí ni wọ́n gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní ọdún 1897. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ láti yá a lò fún FESTAC, ṣùgbọ́n a kò rí i gbà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ gbígbẹ́ eyín erin kò tíì kú ní Bìní. Oníṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀ gbẹ́ irú rẹ̀ tuntun fún àjọ̀dún náà.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ọ̀tá lè kó ère lọ. Kò lè kó ìmọ̀ tí a ti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà ìdílé rẹ̀ ní Súrùlérè, Yábàá tàbí Muṣin tètè kọ́ ọmọ rẹ̀.