Òdo Méjì Níwájú Nọ́ńbà Bàbá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tò sẹ́yìn bàbá àgbàlagbà kan ní báńkì n'Íbàdàn. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà: nọ́ńbà 8 ló kọ dípò 10. Bàbá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, òdo iwájú ni mo fò. Nílé ìwé tiwa, òdo iwájú ò níye lórí. Ìgbà wo ló wá di èèyàn pàtàkì?"

Ní 2010 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì jẹ́ 10. Bí nọ́ńbà ìtẹ̀léra inú rẹ̀ kò bá gùn tó, òdo ni wọ́n ń fi dí iwájú rẹ̀. Àmọ́ àṣà náà ti wà tipẹ́.

"Inú káádì ló ti wá," ni bàbá wí. Iṣẹ́ káádì oníhò ló ṣe nígbà èwe rẹ̀. Herman Hollerith ló fi irú káádì bẹ́ẹ̀ ṣètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ní 1890, kí IBM tó sọ ọ́ di òpó 80 ní 1928. Ìjà wà lórí bó ṣe tóbi tó o! Àwọn kan ní Hollerith gé e bá owó dọ́là ìgbà náà mu, kó lè kó o sínú àpótí tí wọ́n ṣe fún owó. Àwọn mìíràn ní àgbọ́sọ lásán ni, pé káádì 1890 kò gùn tó dọ́là. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Èmi ò mọ dọ́là kankan. Èyí tó bá bàjẹ́, ìyàwó mi a fi kọ nǹkan ọbẹ̀."

Lórí káádì, gbogbo nǹkan ló ní ìwọ̀n àyè tirẹ̀. Orúkọ tó kúrú á fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn. Nọ́ńbà tó kúrú, òdo ni yóò dí iwájú. SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀, tí Chamberlin àti Boyce gbé jáde ní 1974, jogún ìwà yìí: CHAR rẹ̀, irú àyè tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà, ṣì ń fi àlàfo dí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. LPAD, àṣẹ tó ń dí iwájú ọ̀rọ̀, ní tirẹ̀ dà bí àpótí tí ẹni kúkúrú gùn kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Láìsí i, kọ̀ǹpútà tó bá ń to nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀ á fi 10 ṣáájú 9, torí 1 ló kọ́kọ́ rí.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kàn ń lo LPAD kí ìwé lè rẹwà. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju àyè lọ, ńṣe ni LPAD ti PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń lo SQL, á gé ìrù rẹ̀ láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó ń lu káádì á fojú ara rẹ̀ rí i pé àyè ti tán. Ohun tí bàbá sọ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́.

Ó gba bírò mi, ó fi òdo méjèèjì síwájú, ó kọ wọ́n tín-tìn-tín.