Bí A Kò Bá Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Àná: Ìdáríjì Nínú Ìfẹ́ Ọmọnìkejì

ÒWE: Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

ÌTUMỌ̀
Kò sí ẹni tí à ń bá gbé tí kì í ṣẹ̀ wá. Ahọ́n àti eyín pàápàá, tí wọ́n jọ ń gbé inú ẹnu kan, a máa jà. Bí o bá ń di gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ sínú, láìpẹ́ ìwọ nìkan ni yóò kù lágbàlá. Àwọn ọmọdé ni òwe yìí fi ṣe àpẹẹrẹ: wọn a jà láàárọ̀, wọn a sì tún jọ ṣeré kí oòrùn tó wọ̀. "Gbàgbé" níhìn-ín kò ní kí ọ̀rọ̀ pòórá lọ́kàn; ó ní kí a má fi ìjà àná dá ìjà tuntun sílẹ̀.

OHUN TÍ JÉSÙ FI KỌ́ NI
Òwe wa ń wo èrè ìdáríjì, pé kí a lè rí ẹni bá ṣeré. Ẹ̀kọ́ Jésù lọ síwájú sí i: à ń dárí jini nítorí pé a ti dárí jì wá. Nínú Mátíù orí 18, Pétérù bi í bóyá ẹ̀ẹ̀meje ló yẹ kí òun dárí ji arákùnrin òun. Jésù ní kó jẹ́ àádọ́rin ìgbà lọ́nà méje. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 490, ṣùgbọ́n kò ní kí a máa kà á dé ibẹ̀ kí a wá gbẹ̀san. Kí a jáwọ́ nínú kíkà ló ń sọ.

Ó wá pa òwe ìránṣẹ́ kan tó jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dẹ́nárì, dẹ́nárì kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà. Kò sí bí yóò ṣe san án láyé rẹ̀. Ọba ṣàánú rẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ jì í. Bó ti jáde, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dẹ́nárì, ó fún un lọ́rùn, ó sì jù ú sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ọba gbọ́, inú bí i sí i gidigidi.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbèsè 100 dẹ́nárì náà kì í ṣe irọ́: owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Jésù kò sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ kò ṣẹ̀ ọ́. Ó ní kí o rántí èyí tí a ti fi jì ọ́.

ÌDÁRÍJÌ KÌ Í ṢE ÌBORA Ẹ̀ṢẸ̀
Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Póòpù kéde pé òun ti dárí jì í. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́wọ̀n ní Róòmù. Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò bá a jáde. Ọdún 2000 ni ìjọba Ítálì tó dá a sílẹ̀. Ìdáríjì wà, òfin náà sì wà.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń ṣe òun níbi, ẹ má sọ pé "dárí jì í" kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò ó, kí ẹ sì dá oníbi náà lẹ́kun. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni ìfẹ́ ń lò.

ÌLÒ ÒWE
Àwọn tó ń parí ìjà láàárín ọ̀rẹ́, tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá ló máa ń pa òwe yìí. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa á níwájú àgbà, kó fi "tótó, ó ṣe bí òwe" kún un.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni "gbàgbé" túmọ̀ sí nínú òwe yìí?
2. Kí ló burú nínú ìwà ìránṣẹ́ tí ọba dárí jì?
3. Ta ni ó jẹ ọ́ ní "100 dẹ́nárì"? Kí ni o fẹ́ ṣe sí i?