Owó Ibùdó: Ta Ni Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Ń Dáhùn Fún Báyìí?

Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ti gbọ́ pé Terence Crawford fi máàkì na Canelo Álvarez ní Las Vegas ní òru Sátidé, 13 oṣù Kẹsàn-án 2025. Níbí ní Ìbàdàn, ilẹ̀ ọjọ́ Sunday ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ Crawford sókè. Èrò tó lé ní 70,000 ló kún pápá Allegiant. Crawford sì di ọkùnrin àkọ́kọ́ tó kó gbogbo ìgbànú jọ ní ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti ìgbà tí ìgbànú pàtàkì ti di mẹ́rin. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Orúkọ kan wà tó ń yọjú léraléra nínú ìpolówó ìjà náà: Riyadh Season, àjọ̀dún eré ìgbafẹ́ ìjọba Saudi Arabia. Ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Mẹ́síkò ló jà, Las Vegas ni wọ́n ti jà á. Kí ló wá kan Riyadh?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú owó kan tí àwọn oníṣòwò ẹ̀ṣẹ́ ń pè ní site fee, tí n ó máa pè ní owó ibùdó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì àti owó tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò di olówó. Òótọ́ ni fún ìjà kékeré àti àárín. Ní ti àwọn ìjà tó ń mi ayé tìtì, owó ibùdó ni ọwọ̀n tó gbé ilé dúró. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ìnáwó ní Bódìjà, òun ló máa sanwó gbọ̀ngàn fún onígbọ̀ngàn. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ńlá, onígbọ̀ngàn ló ń sanwó fún onínàwó kó lè wá ṣe é lọ́dọ̀ òun.

Kì í ṣe àwọn Lárúbáwá ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1906, ìlú awakùsà kan tó ń jẹ́ Goldfield, ní ìpínlẹ̀ Nevada, fẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ pé wúrà wà nílẹ̀ àwọn. Tex Rickard gbé ìjà Joe Gans àti Battling Nelson wá síbẹ̀, ó sì kó owó wúrà tí wọ́n máa san fún wọn sí ojú fèrèsé kí gbogbo ayé lè rí i. Ráúńdì 42 ni wọ́n jà kí wọ́n tó lé Nelson dànù nítorí pé ó lu Gans ní abẹ́ ìgbànú. Gans, ọmọ adúláwọ̀, ló borí. Orúkọ Goldfield sì kàn kárí.

Ìlú Shelby ní Montana gbìyànjú irú rẹ̀ ní 4 oṣù Keje 1923, kò sì bọ́ sí i fún wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí epo rọ̀bì nítòsí ni, ni wọ́n bá ṣèlérí 300,000 dọ́là fún Jack Dempsey kó wá bá Tommy Gibbons jà, wọ́n sì fi pákó kan pápá ìwòran tó gba 40,000 èèyàn. Owó náà kò pé bọ̀rọ̀, ìròyìn wá ń lọ lójoojúmọ́ pé ìjà lè má wáyé mọ́, àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ ojú irin wá sì jókòó sílé. Nǹkan bí 7,000 ló sanwó wọlé. Jack Kearns, manija Dempsey, kó èyí tó kó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ráúńdì 15 ni Gibbons fi dúró de Dempsey, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àwọn báńkì agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó tẹ̀lé ara wọn.

Las Vegas ló wá rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ibẹ̀ ń san owó ibùdó nítorí pé àwọn olówó tó bá wá wo ìjà kò ní lọ láì jókòó sídìí tẹ́tẹ́. Ohun tí wọ́n bá pàdánù níbẹ̀ ló ń dá owó náà padà. Ìdí nìyí tí Hagler àti Hearns fi jà ní Caesars Palace ní 1985, tí Hagler àti Leonard náà sì jà níbẹ̀ ní 1987. Ìṣirò ọjà ni, ó sì yé gbogbo èèyàn.

Nígbà tí ìjọba bá ló ń sanwó, ìṣirò náà máa ń yàtọ̀, Ìbàdàn sì wà lára ìlú tó kọ́kọ́ fojú rí i. Ní 10 oṣù Kẹjọ 1963, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, gba Gene Fullmer ará Utah lálejò ní Liberty Stadium, pápá tí a ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium lónìí, tí àwọn onímáíkírà tó ń ná Challenge ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ní Ring Road láti òwúrọ̀ di alẹ́. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tíì ja ìjà ìgbànú àgbáyé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Tiger ti gba ìgbànú náà lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní oṣù Kẹwàá 1962. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù Kejì 1963, wọ́n ta ọ̀mì. Ti Ìbàdàn kò ní àríyànjiyàn nínú. Tiger tẹ̀ lé e, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ òsì wá a, ó ń fi tọ̀tún lù ú, nígbà tó sì di òpin ráúńdì keje, àwọn tó wà ní igun Fullmer ní kó jókòó, ó tó.

Jack Solomons, promótà láti London, ló gbé ìjà náà kalẹ̀, ìjọba Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ṣe é. A kò tíì gbòmìnira pé ọdún mẹ́ta. Oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀ ni Nàìjíríà máa di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú òfin pàjáwìrì tí wọ́n kéde ní 1962, wọ́n sì ń gé Midwest kúrò lára rẹ̀ lọ́wọ́. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí pápá náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, wà níwájú adájọ́ ní Èkó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lójú tèmi, ìjọba tó ti ìjà ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kò ka tíkẹ́ẹ̀tì sí. Orúkọ rere lójú ayé ló ń rà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Ìbàdàn tí mi ò fẹ́ ká gbàgbé. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló wà nínú ríìngì. Hogan Bassey ọmọ Calabar ti gba ìgbànú àgbáyé ní Paris ní 1957. Tiger náà ti jà káàkiri Nàìjíríà kó tó kọjá sí Liverpool ní 1955. Iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa kí owó ìjọba tó dé. Èrò tó wá sí pápá lọ́jọ́ náà mọ ẹni tí wọ́n wá wò, wọ́n sì mọ ohun tó ná an kó tó débẹ̀.

Mobutu, olórí Zaire nígbà náà, gbé tirẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Kinshasa. Mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni wọ́n ṣèlérí fún Muhammad Ali, mílíọ̀nù márùn-ún fún George Foreman, ìyẹn ní 1974 tí owó ṣì jẹ́ owó. Nígbà tí ojú Foreman bẹ́ níbi ìgbaradì, wọ́n sún ìjà náà síwájú láti oṣù Kẹsàn-án sí 30 oṣù Kẹwàá. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n jà á, kó lè bọ́ sí alẹ́ fún àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi aago yẹn sọ́kàn. Ìlú tó sanwó ló jí dìde ní òru nítorí ìlú tó ń wòran.

Ní ti Saudi Arabia, ọmọ tiwa ló bá wọn ṣílẹ̀kùn. Ní 7 oṣù Kejìlá 2019, Anthony Joshua, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣàgámù, lọ gba àwọn ìgbànú rẹ̀ padà lọ́wọ́ Andy Ruiz ní Diriyah, lẹ́bàá Riyadh. Ó tún jà ní Jeddah ní 2022, àmọ́ Oleksandr Usyk borí rẹ̀ níbẹ̀. Láti 2023 ni Turki Alalshikh, alága àjọ ìjọba tó ń bójú tó eré ìgbafẹ́ níbẹ̀, ti di ẹni tí gbogbo promótà ń lọ kí. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó yéni.

Ohun tó sábà ń dènà ìjà ńlá kì í ṣe ìbẹ̀rù. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjì lè fẹ́ jà, kí promótà wọn má sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó gba ti ẹni kìíní kì í ṣe èyí tó gba ti ẹnì kejì. Oníkálukú sì fẹ́ kó ìdajì tó sàn jù nínú owó tí kò tó pín. Láti ìgbà tí Lennox Lewis ti jẹ ọba heavyweight láìsí abánidíje ní 1999, nǹkan bí ọdún 25 ló kọjá kí Usyk àti Tyson Fury tó pàdé ní Riyadh ní 18 oṣù Karùn-ún 2024. Alalshikh kò yanjú ìjà àwọn promótà wọ̀nyí. Ó gbé owó tó pọ̀ kalẹ̀ débi pé kò sí ohun tí wọ́n ń bára wọn jà lé lórí mọ́. Frank Warren àti Eddie Hearn, promótà Gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú tẹ́lẹ̀, kó abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò márùn-ún márùn-ún wá kojú ara wọn ní Riyadh ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e.

Mo wà ní ilé ìwòran kan ní Agbowó ní alẹ́ ọjọ́ Usyk àti Fury. Ó ti lé ní aago mọ́kànlá. Àwọn ọmọ yunifásítì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí kò ríbi jókòó dúró lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tọ́ka sí àwọn àlejò tó wọ aṣọ funfun lẹ́bàá ríìngì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì àwọn wọ̀nyí náà ló ń san gbogbo owó yìí?” Mo ní rárá, kódà bí wọn ò bá ta ẹyọ tíkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á san án. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Wọn ò nílò wa nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ibi tí àyípadà ńlá wà gan-an nìyẹn. Goldfield àti Shelby nílò èrò, Las Vegas nílò atatẹ́tẹ́, Kinshasa nílò ojú ayé. Ẹni tí kò retí kí èrò dá owó rẹ̀ padà kò ní ìdí láti bi èrò ní ohun tí wọ́n fẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n gbé Canelo àti William Scull lọ sí Riyadh. Nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n wọ ríìngì, nítorí Amẹ́ríkà náà ni. Ẹ̀ṣẹ́ 445 péré ni àwọn méjèèjì jọ jù ní ráúńdì méjìlá, èyí tó kéré jù lọ tí CompuBox, ilé iṣẹ́ tó ń ka ẹ̀ṣẹ́, tíì kà nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ìjà tí wọ́n ṣe ní Times Square ní New York kò mú ara ẹnikẹ́ni yá gágá, níbi tí èèyàn díẹ̀ péré ti lè sún mọ́ ríìngì. Mi ò lè sọ pé owó ló sọ wọ́n di onílọ̀ọ́ra. Ṣùgbọ́n mo fura pé ariwo èrò tó sanwó, tó sì lè bínú, jẹ́ ohun kan tí owó ibùdó kò lè rà.

Àwọn ẹgbẹ́ bí Amnesty International ń sọ pé Saudi ń fi eré ìdárayá bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ìpànìyàn Jamal Khashoggi, akọ̀ròyìn ará Saudi, ní 2018 kò tíì di ìtàn àtijọ́ lójú ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kó dì í. Síbẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ti kọjá orúkọ rere nìkan. Wembley ni Joshua ti pàdánù fún Daniel Dubois ní oṣù Kẹsàn-án 2024, lábẹ́ àsíá Riyadh Season. Las Vegas ni ti Crawford. Owó náà kò gbé ìjà wá sílé nìkan mọ́, ìjà fúnra rẹ̀ ló ń rà. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Alalshikh ra The Ring, ìwé ìròyìn ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, tí ìgbànú rẹ̀ níyì lójú àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́. Ní 2025, ilé iṣẹ́ Sela ti Saudi àti TKO, tó ni UFC, kéde ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tuntun tiwọn.

Ó tún wá ku òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fi sọrí Muhammad Ali ní 2000 kò jẹ́ kí promótà jẹ́ manija abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ó sì pọn ọ́n ní dandan fún promótà láti jẹ́ kí ẹni tó ń jà mọ iye tí òun ń pa lórí ìjà náà. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n gbé àbá òfin tuntun kan wá síwájú ilé aṣòfin. Bí ó bá di òfin, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo á lè gbé ìjà kalẹ̀, kó ní ìgbànú tirẹ̀, kó sì máa to àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò sí ipò bó ṣe wù ú. Bí UFC ṣe ń ṣe nìyẹn, UFC kan náà tó gbà láti san 375 mílíọ̀nù dọ́là kó lè parí ẹjọ́ tí àwọn tó ti jà fún un pè, pé wọn kò jẹ́ kí àwọn rí ọjà mìíràn ta ara wọn fún. Efe Ajagba, ọmọ Nàìjíríà tó ta ọ̀mì pẹ̀lú Martin Bakole ní Riyadh ní oṣù Karùn-ún 2025, àti àwọn ọmọ wa mìíràn tó ń jà ní Amẹ́ríkà, ní ìdí láti ka àbá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò tiwọn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé ẹnikẹ́ni.